Ògì Ìyá Tuntun

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń yin ọmọ tuntun pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé kì í sunkún, n kì í lè jókòó níbẹ̀. Mo ti dìde kúrò níbi ìkómọjáde rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi ìrẹsì mi sílẹ̀ lórí àga, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, àwọn tó se oúnjẹ sì rò pé àwọn ni mo ń bínú sí. Ìrẹsì náà dùn. Ìríra ló gbé mi dìde. Ọmọ tí kì í sunkún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó yìn ín. Ẹ wo ohun tí ìyá rẹ̀ ń jẹ, kí ẹ sì wo ẹni tó ń gbé e fún un.

Nílé tiwa, èmi ni mo ń gbé e. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, n kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní bu ìkankan kúrò nítorí ojú Màmá mi tàbí ojú ara mi.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni. Àkúrẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí wọ́n ṣe kéde ìpínlẹ̀ tuntun, wọ́n ní kí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ di ẹrù wọn, kí wọ́n máa bọ̀ ní Adó. Gbogbo wọn ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, ilé sì wọ́n bí ojú. Àwọn kan ń sùn sí ọ́fíìsì, wọ́n ń fi fáìlì ṣe ìrọ̀rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lè kó aboyún sínú irú ìyà bẹ́ẹ̀, ló bá gbé ìyàwó rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Màmá àti èmi ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá wa ti kú, àwa méjì péré la wà nílé. Nígbà tó yá wọ́n tún gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kan lápá Òde Èkìtì, ó wá di alẹ́ Jímọ̀ kí a tó fojú kàn án.

Ọmọ Ìṣẹ́ ni ìyàwó yìí, tíṣà ni. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí mi sílé náà kó tó wọlé, nítorí náà ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀. Kò lè pe orúkọ mi. Opéléńgé ló sọ mí, torí pé mo tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà yẹn. Mo ń fi ẹ pè é torí ọjọ́ orí, òun náà ń fi ẹ pè mí torí ilé. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Bó bá rẹ́rìn-ín nínú yàrá, ẹni tó ń kọjá lójú títì á bojú wẹ̀yìn. Màmá kò fẹ́ràn ẹ̀rín náà rárá. Ó ní ẹ̀rín ọjà ni.

Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù keje, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í léèrè. Inú Màmá tilẹ̀ dùn pé ó ti ń gbọ́n.

Mo sìn ín lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kan lọ́jọ́ tí wọ́n ń yẹ àwọn aboyún wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ ni pé kí nọ́ọ̀sì tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, gbogbo aboyún gbọ́dọ̀ kọrin, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n sì jó, ìbáà jẹ́ oyún ìbejì ló wà nínú wọn. Ẹni tí kò bá jó á gba nọ́mbà ìkẹyìn. Ìyàwó jókòó. Nọ́ọ̀sì ní kó dìde, ó dìde, ṣùgbọ́n ṣe ló kàn dúró tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dá orin dúró, ó bi í pé kí ló dé. Ìyàwó sì sọ òtítọ́ fún un, torí pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé ni, ó gbà pé bí wọ́n bá bi èèyàn ní ìbéèrè, ìdáhùn ni wọ́n ń fẹ́. Ó ní òun kò rí oorun sùn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní nǹkan kan ń sọ fún òun nínú ọkàn òun pé bí ọmọ náà bá dáyé, òun máa ṣe é léṣe.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu aboyún jáde. Ìwọ lo kọ́kọ́ lóyún láyé ni? Àwọn tó ń wá irú ẹ̀ ń sùn mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ fi ẹnu ẹ gbàdúrà." Àwọn obìnrin náà ń fọwọ́ yí orí wọn ká, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì gbé báàgì rẹ̀, ó sún síwájú. Lẹ́yìn náà wọ́n wọn ikùn rẹ̀, wọ́n wo ìfúnpá rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì pé gbogbo rẹ̀ dáa. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, ó ní, "Opéléńgé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá." Mo ní n kò ní sọ. N kò sọ fún Màmá, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ó bí ọkùnrin. Màmá jó débi tí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ pé, a sọ ọmọ lórúkọ, a jẹ, a mu, ìyàwó di Ìyá Tuntun, gbogbo èèyàn ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan yí padà. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, ó máa ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo tó so mọ́ àyà, ọmọ á máa ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun á sì máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Bí mo bá wọlé, á ní, "Ẹ bá mi gbé e. Ẹ gbé e jìnnà sí mi díẹ̀." Bó bá ti fún un lọ́mú tán, á tún na ọmọ sí mi wàràwàrà. Kò sùn. Kò wẹ̀ àfi tí mo bá fà á lọ sí balùwẹ̀. Ó ní àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lókè àjà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó gbogbo ọ̀bẹ inú ilé jọ. Ọ̀bẹ ilé ìdáná, àdá bàbá wa tó ti dógùn-ún, bíléèdì tí wọ́n fi ń gé èékánná, àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ó kó wọn sínú bàsíà, ó gbé e wá bá Màmá ní pálọ̀, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó wọn pamọ́ síbi tí mi ò ti ní mọ̀." Mo ń rí i títí di òní. Obìnrin náà ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ tó lè fi ṣọ́ ọ nìyẹn, ó sì gbé e wá fún àgbà inú ilé pé kó ran òun lọ́wọ́. Ohun tí Màmá rí ni wèrè tó gbé ọ̀bẹ dání.

Ìyá Ìjọ ni Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó máa ń jókòó sí àga iwájú, gbogbo obìnrin ìjọ ló sì ń wá bá a fún ìmọ̀ràn nípa ọkọ àti ọmọ. Bó bá wà níta, Yorùbá inú Bíbélì ló máa ń sọ, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, èdè Ìkẹ́rẹ́ ló ń bọ́ sí. Lọ́jọ́ náà ó tilẹ̀kùn pálọ̀. Ó ní, "A ò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níta ulé yìí." Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pe abísínwín lẹ́nu. "Nǹkan yẹn" ni Màmá ń pè é. Àwọn tó bá wá kí ìyá àti ọmọ, a óò sọ fún wọn pé ibà ń ṣe Ìyá Tuntun.

Ìyá tó bí i lọ́mọ wá láti Ìṣẹ́. Ó wọkọ̀, ó gun ọ̀kadà, ó gbé ẹran gbígbẹ àti ẹ̀gúsí dání. Màmá fún un ní iyán, ó bá a ṣeré dáadáa, ó sì sọ fún un pé dókítà ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọmọ rẹ̀ títí ibà náà á fi lọ. Obìnrin náà wojú mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ibà ni." Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kejì, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a ń tọ́jú ọmọ òun, ó sì padà sí Ìṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ní Jímọ̀, ó rí ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà. Ó ní ọsibítù ni òun máa gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Màmá kò pariwo. Ó jókòó tì mí, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní àfẹ́sọ́nà kan nígbà yẹn, ọmọ Emùré, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ti ń ṣe ìwádìí nípa ìdílé wa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Màmá ní, "Bí wọ́n bá kọ orúkọ ulé yìí sínú fáìlì ọsibítù wèrè, ta ni yóò gbé ọ níyàwó? Ta ni yóò fi ọmọ fún ọmọkùnrin yìí lọ́jọ́ iwájú?" Mo ronú sí i. Ojú àfẹ́sọ́nà mi ni mo ń rò, n kò ro ojú ìyàwó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún bi mí, mo ní ká ṣì máa wò ó ná. Ó padà sí Òde ní Sọ́ńdè. Ọkùnrin tó ga tó irókò, ìyá rẹ̀ ni kò lè kò lójú.

Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn òyìnbó kan, mo ń dúró de ìdánwò tí mo máa fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Màmá mọ̀. Ó ní kí n mú oògùn oorun wá, kí ìyàwó lè sinmi. Mo mú un wá, wóró kéékèèké aláwọ̀ òfeefèé. Ìyàwó kò fẹ́ gbé e mì, ó ní bí òun bá sùn, ta ni yóò máa ṣọ́ òun. Ni Màmá bá ní kí n lọ̀ ọ́ sínú ògì. Mo fi ìdí ṣíbí lọ̀ ọ́ láàárín ìwé, mo dà á sínú ògì gbígbóná, mo fi mílíìkì àti ṣúgà bò ó. Mo gbé e lọ fún un, mo jókòó tì í, ó mu ún. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Opéléńgé. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣìkẹ́ mi nílé yìí."

Ó sùn lọ́jọ́ náà títí dìrọ̀lẹ́. Màmá ní àdúrà ti gbà. Lọ́jọ́ kejì mo tún ṣe é. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyàwó kò sọ̀rọ̀ òkè àjà mọ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá dé ní Jímọ̀, Màmá á sọ fún un pé àdúrà ti ń gbà, pé oorun ló ń wò ó sàn. A óò gbé e jókòó, a óò gbé ọmọ sí i láyà, ọmọ á mu, a óò gbé ọmọ kúrò. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ọmọ tó ti ń lọgun tẹ́lẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, ó wá di ẹni tí a ní láti jí kó tó mu ọmú, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu rẹ̀ á tún yọ̀ kúrò. Nápíkìn tí mo ń sá sórí okùn dín kù. Inú mi dùn pé aṣọ fífọ̀ dín kù. Àwọn àlejò á tẹ̀ wò ó níbi tó sùn sí, wọ́n á ní ọmọ yìí mà jẹ́jẹ́ o, wọ́n á ní ó jọ pé ó mọ̀ pé ìyá òun ń ṣàìsàn. Màmá á ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá ọmọ náà ṣe rí ní kékeré.

Ogójì ọjọ́ pé, Màmá ní dandan kí ìyá àti ọmọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì ṣe ìsàmì fún ọmọ lọ́jọ́ kan náà. Bí ìyá bá pẹ́ nílé ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè wá lọ́sẹ̀ náà nítorí iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà Màmá ní kí n fi kún ti inú ògì, kí ìyàwó má baà sọ ìsọkúsọ níwájú pẹpẹ. Mo fi kún un. A wọ léèsì fún un, a fi páúdà kun ojú rẹ̀, a we gèlè fún un. Obìnrin ìjọ kan di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, èmi di ti òsì mú, Màmá gbé ọmọ, a sì jó lọ síwájú pẹpẹ. Àwa ni a jó. Ẹsẹ̀ ìyàwó ń wọ́ nílẹ̀. Itọ́ ń ṣàn ní igun ẹnu rẹ̀ sórí léèsì, mo ń fi áńkáṣíìfù nù ún, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ kò jẹ́ kó sùn lálẹ́. Màmá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó jẹ́rìí pé láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀fọ́rí lásán kò ṣe ìyá tàbí ọmọ.

Àlùfáà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu omi lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tútù ni, ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ọmọ ogójì ọjọ́ sì ni. Kò mira. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlùfáà ní ọmọ àlàáfíà ni. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kan ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lábẹ́ aṣọ funfun náà, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú. Mo ti ta oògùn yẹn fún ọdún kan ààbọ̀. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé a kì í ta á fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Àtìgbà tí mo ti ń lọ̀ ọ́ ni mo ti mọ̀, mo kàn gbé ìmọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Mo sún mọ́ Màmá, mo ní, "Màmá, ẹ wo ọmọ." Ó ní, "Jẹ́ ká parí orin ná." A sì parí orin náà. Ẹsẹ márùn-ún ni.

Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n fi nǹkan bo ọmọ ní imú, wọ́n ń wá iṣan rẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, bi wá pé oògùn wo ni ìyá ń lò. Màmá yára dáhùn. "Ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. Orí rẹ̀ kò pé. Kò tíì pẹ́ tó kó gbogbo ọ̀bẹ ilé jọ." Ìyàwó wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wa, ó ti sùn pẹ̀lú gèlè lórí. Mo sọ orúkọ oògùn náà. Mo ní ó ti wọnú ọmú. Dókítà ní, "Ta ló fún un?" Màmá fi èékánná kì mí lápá, ó ní, "Ọmọ mi yìí ń ta oògùn. Inú báàgì ọmọ mi ni obìnrin yìí ti ń jí i, ó ń mu, ó sì ń fún ọmọ." Dókítà yíjú sí mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó rọrùn fún mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún ìyá tó wá láti Ìṣẹ́ náà. Nígbà tí mo délé mo fi ọṣẹ fọ ẹnu mi ní ti gidi.

Lọ́jọ́ kẹta ọmọ náà ké ní ọsibítù, mo sì ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Ó yè. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Òde nígbà náà, Màmá sì ti ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Kò sí ògì lẹ́nu ìyàwó láti ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń là. Wọ́n sọ fún un pé òun ló fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn. Mo ń retí kó bá wa jà. Mo fẹ́ kó bá wa jà. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi lórí ilẹ̀ ọsibítù, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, "Opéléńgé, ẹ bá mi bẹ Màmá. Mi ò rántí ìgbà tí mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé mo máa ṣe é." Mo ní, "Ẹ dìde nílẹ̀."

Wọ́n dá a padà sí Ìṣẹ́ láìsí ọmọ. Màmá mú ọmọ, ó ní wọn kò ní gbé e súnmọ́ ẹni tó fẹ́ pa á títí láé, ẹ̀gbọ́n mi sì gbà bẹ́ẹ̀. Wàrà inú agolo ni a ń fún ọmọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ní ìyàwó lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n ń yìn ín pé ìyá ọkọ rere ni.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún tó ti lọ, obìnrin kan láti Ìṣẹ́ wá ra oògùn ikọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ń dúró kí n fún un ní ṣéńjì, ó sì ń bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ tíṣà kan, ọmọ ìlú wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní tíṣà náà ní kí wọ́n máa so ọwọ́ òun, pé ọwọ́ náà kò dáa. Mo fi ṣéńjì sórí tábìlì, mo mú báàgì mi. Lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀ Ìṣẹ́, n kò tilẹ̀ sọ fún ọ̀gá mi.

Wọ́n fi gèlè aláwọ̀ aró kan so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú. Ìso náà dẹ̀, ọmọdé lè tú u. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n so ó. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi ṣíbí fún un ní oúnjẹ. Mo kúnlẹ̀, èmi ọmọ ọkọ, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ló mú oògùn wá, ta ló lọ̀ ọ́, inú kí ló wà, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, àti ohun tí mo sọ fún dókítà. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe èmi?" Mo ní òun kọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá rẹ̀ kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó tú gèlè náà, ó ká a, ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ gba ọmọ wa."

Sátidé ni. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé, Màmá sì pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń rìn ká ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò jẹ́ kí a jókòó. Mo dúró lójú gbogbo wọn, mo sọ ọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kúrò lára mi, ó lọ sára Màmá. Màmá kò sẹ́. Ohun tó sọ ni pé, "Nítorí ta ni mo ṣe ṣe é? Ṣé kì í ṣe nítorí ìwọ?" Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń rùn sí mi títí di òní. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó na ọmọ sí ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó sún sẹ́yìn. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ apá. Ìyá rẹ̀ ní, "Gbà á, ọmọ ẹ ni." Ó ń wo ọmọ náà, kò sì gbà á. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Opéléńgé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí. Mo máa gbà á bí ẹ bá dúró tì mí."

Dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ tọ́jú rẹ̀, ó sì gbádùn, ṣùgbọ́n kò yá kíákíá. Ẹ̀gbọ́n mi rí yàrá méjì ní Adó, ó kó wọn lọ síbẹ̀, mo sì bá wọn lọ, torí pé ìyàwó ní dandan kí n bá wọn lọ. Fún ọdún kan gbáko, kì í wẹ ọmọ náà, kì í gé e ní èékánná, kì í fún un ní oúnjẹ, àfi tí mo bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún un títí ó fi sú mi pé òun kọ́, á ní òun gbọ́. Á wẹ ọmọ náà, á nù ún gbẹ, á fi páúdà kùn ún. Lẹ́yìn náà á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, á ní kí n bá òun wò ó bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀.